Bọ́ọ̀dà Melilla: èmi gba "ẹ káàbọ̀", àwọn kan gba ìbọn rọ́bà

Ẹ ti ń dà mí láàmú nínú inbox pé báwo ni ọ̀nà Melilla ṣe rí, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, èló ni wọ́n ń gbà, àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní "short cut", torí náà mo ní kí n kúkú kọ review ẹ̀ kalẹ̀ bí a ṣe máa ń kọ ti búkà àti ti hòtẹ́ẹ̀lì, kí n yéé dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi kì í ṣe agent o, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wá fíísà. Málaga ni mò ń gbé, mo ti gba ìwé Spéìn, ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ ará Nador, ìlú Mòrókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Melilla, ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀hún. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ọ̀dà tí ìjọba Spéìn pẹ̀lú ti Mòrókò jọ ń ṣe láàárín Melilla sí Nador. Owó orí wa wà nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe é, oníbàárà ni mí nígbà yẹn, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Melilla ò sí níbi tí ẹ rò pé ó wà. Ilẹ̀ Áfíríkà ló wà, létí òkun Mòrókò, àmọ́ Spéìn ló ni ín látọdún 1497, wọn ò sì múra àtigbé e sílẹ̀. Ìlú kékeré báyìí ni, square kilometre 12 péré, àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ò ju nǹkan bí 85,000 lọ, fẹ́ǹsì wá yí i ká láti etí òkun kan dé ìkejì, nǹkan bíi kìlómítà 12, onípele-onípele ni, ibi tó ga jù nínú ẹ̀ sì tó mítà 10. Ceuta ni ìkejì ẹ̀, òun náà wà lápá ibẹ̀ yẹn. Ibi méjèèjì yìí nìkan ni Àjọ Yúróòpù ti bá Áfíríkà pín ààlà orí ilẹ̀, tí kò sí òkun láàárín. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ti rìn láti Darfur ní Sùdáànì, tó ti gba Líbíà àti Àlùjéríà kọjá, fi máa wò ó pé wáyà lásán ló kù.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ láti Málaga, lálẹ́, ó sì já wa sílẹ̀ láàárọ̀. Ọkọ̀ yẹn ò burú, àga ẹ̀ ló le, kọfí wọn sì ti wọ́n jù, ẹ gbé oúnjẹ tiyín dání. Látibẹ̀, bọ́ọ̀sì ìlú máa gbé yín lọ sí Beni Enzar, ìyẹn ojú ọ̀nà bọ́ọ̀dà gangan, èyí tí wọ́n ṣí padà ní May 2022 lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í pa fún ohun tó lé lọ́dún méjì nítorí Kòrónà àti ìjà tó wà láàárín ìjọba méjèèjì. Ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì gba páṣípọ́ọ̀tì pupa mi, ó wò ó, ó wò mí, ó ní "buenos días", ó dá a padà. Lápá ti Mòrókò, wọ́n bi mí níbi tí mò ń lọ, mo ní ilé ọ̀rẹ́ mi ni, wọ́n lu òǹtẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fọwọ́ júwe ibi tí táásì wà fún mi. Kò sẹ́ni tó béèrè kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Sẹ̀mẹ̀ lọ Kútọnu rí, ẹ mọ ohun tó fi jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ìràwọ̀ márùn-ún ni, mi ò tiẹ̀ ní ronú sí i. Nador náà dáa, ẹ lọ jẹ sáàdínì yíyan lẹ́bàá ọ̀sà Mar Chica, ẹ fi tíì míǹtì lé e, owó ẹ̀ ò tó ohun tí ẹ máa fi ra búrẹ́dì oníwàràkàṣì ní Málaga.

Àmọ́ iṣẹ́ kan náà, oníbàárà méjì, ni mo fẹ́ sọ. Ní Beni Enzar yẹn kan náà, lápá ti Spéìn, ọ́fíìsì kan wà fún àwọn tó ń wá ibi ìsádi. Ìparí 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015 ni wọ́n ṣí i. Òfin ní ẹnikẹ́ni tí ogun tàbí ìjọba ń lé lẹ́yìn lè rìn wá síbẹ̀, kó ní ẹ gbà mí o, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ó dùn-ún kà. Ohun tí wọn ò kọ sára ògiri ni pé kó o tó dé ọ̀dọ̀ Spéìn, iwájú pọ́líìsì Mòrókò lo máa kọ́kọ́ gbà, àwọn yẹn ò sì ní jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tí kò níwèé sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn ará Síríà ráyè débẹ̀ nígbà tógun wọn le, torí wọ́n fojú jọ ará Mòrókò, àwọn míì nínú wọn sì lọ wá páṣípọ́ọ̀tì Mòrókò rà. Ará Sùdáànì, ará Mali, ará Kamẹrúùnù, báwo ló ṣe fẹ́ fojú jọ ọ́? Àwọn tí Council of Europe, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Yúróòpù, rán lọ wò ó kọ ọ́ kalẹ̀ nínú ìròyìn wọn pé àwọn ará Áfíríkà dúdú kì í rí ọ́fíìsì náà dé. Ṣọ́ọ̀bù tó gbé síìnì bọ́ọ̀dù sókè pé "a ti ṣí" tó wá gba ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé kó máa lé àwọn tó wá rajà, ohun tó jọ nìyẹn.

Mo pàdé ọmọ Yorùbá kan ní Nador, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fóònù ló ń tún ṣe, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Lárúbáwá wọn ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbọ́ tí mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù, ló bá sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lójú títì, "Ẹ káàsán mà." Mo ní káàsán, ọkọ mi. A jọ sọ̀rọ̀ títí, mo wá bi í pé ìwọ ò wá lè rìn lọ sí ọ́fíìsì yẹn lásán kó o lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Aǹtí, ẹ má bínú sí mi o, páṣípọ́ọ̀tì yín ló rìn kọjá, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Témi bá fi dé ibi tí ẹ ti wọ táásì yẹn, wọ́n ti gbé mi sínú bọ́ọ̀sì nìyẹn, Beni Mellal ni màá bá ara mi lọ́la."

Ẹ wo Beni Mellal lórí máàpù, ẹ wo Nador, ẹ óò rí i pé ìrìn àjò ọjọ́ gbọọrọ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á kó aláwọ̀ dúdú ní ìgboro, wọ́n á lọ já a sílẹ̀ sí ìlú kan tó jìnnà ní gúúsù láìsí ẹjọ́ láìsí ìwé, á tún máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun náà sùn lórí òkè Gurugú rí, òkè tó yọ sẹ́yìn Nador yẹn, tó jẹ́ pé tílẹ̀ bá ti ṣú wàá máa rí gbogbo iná Melilla nísàlẹ̀. Ó ní nígbà tiwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ lórí ẹ̀, wọ́n ní alága, wọ́n ní ẹni tó ń dáná. Mi ò bi í bó ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Barrio Chino, torí ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan yìí. Ojú ọ̀nà bọ́ọ̀dà míì ni, kò jìnnà sí Beni Enzar. Láti inú Melilla, èèyàn lè rìn dé itòsí ẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni irin. Géètì tó ń yí, irú èyí tó jẹ́ pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, irin ẹ̀ wọnú ara wọn bí eyín, ó ga ju orí èèyàn lọ, tí o bá ti wọnú ẹ̀ o ò lè fà sẹ́yìn, àfi kí ẹni ẹ̀yìn tì ẹ́. Mo na ọwọ́ mi láti fi wọn fífẹ̀ ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, mo sì rò ó pé èmi tí mo sanra díẹ̀ yìí pẹ̀lú báàgì mi, ó máa há.

Kí Kòrónà tó dé, ọ̀nà àwọn alábàárù ni. Àwọn obìnrin Mòrókò ló ń gba ibẹ̀, wọ́n á di aṣọ òkìrìkà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, táyà, wọ́n á so ó mẹ́yìn títí wọ́n á fi tẹ̀ kodoro, torí òfin ní ohun tí èèyàn bá ti lè fi ara ẹ̀ gbé, ẹrù ọwọ́ ni, kò sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn oníṣòwò ńlá ló ni ọjà, ẹ̀yìn àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń kó o. Obìnrin kan kú níbẹ̀ ní 2008 nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ní apá méjèèjì, ló ti mọ̀ tipẹ́ ohun tí géètì yẹn máa ń ṣe fún èèyàn tí èrò bá ti pọ̀.

June 24, 2022, ọjọ́ Jímọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ẹ̀, àwọn agbófinró Mòrókò ti gun òkè lọ bá àwọn tó ń dúró àtiwọ Melilla, wọ́n dáná sun ibi tí wọ́n ń sùn, wọ́n kó oúnjẹ àti owó wọn, wọ́n ní kí wọ́n kúrò. Kúrò lọ síbo? Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nǹkan bí 1,700 sí 2,000 èèyàn rọ́ wálẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Sùdáànì, àwọn ará Chad náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n, àwọn míì ò tíì pé ogún ọdún. Èrò tó pọ̀ tó yẹn ń bọ̀ lójú pópó, àwọn akọ̀ròyìn tó padà wo fídíò náà sọ pé kò sẹ́ni tó dá wọn dúró lọ́nà títí wọ́n fi dé Barrio Chino. Ibẹ̀ ni wọ́n wá dí wọn mọ́.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́, àwọn kan mú igi àti òkúta dání, wọ́n sì já ilẹ̀kùn kan. Mi ò ní sọ pé wọ́n wá pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Àmọ́ wọ́n wọ inú àgbàlá kan tó ní ògiri àti irin lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn tó kángun sí Spéìn tì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n bọ̀, wọ́n wá ń ju tíà gáàsì sínú ẹ̀ láti apá méjèèjì. Ẹni tó bá ti fa tíà gáàsì símú rí ní gbangba òde mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn, ẹ wá fi í sínú àgbàlá tí kò sí ibi àtisá sí, tí èèyàn wà lórí èèyàn. Nínú ìròyìn tí Amnesty International, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, gbé jáde, lápá ti Spéìn nìkan, àwọn Guardia Civil, ìyẹn ọlọ́pàá Spéìn tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀dà, lo agolo tíà gáàsì 86, agolo èéfín 28, wọ́n yin bọ́ọ̀lù rọ́bà 65.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà yẹn, ẹ má rò pé ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré ni. Rọ́bà líle ni, ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń yìn ín, tó bá ba ilẹ̀ á ta, o ò lè mọ ibi tó máa lọ. Ní Catalonia, níbí ní Spéìn kan náà, ojú àwọn èèyàn fọ́ nítorí ẹ̀ débi pé ilé aṣòfin wọn ní kí pọ́líìsì wọn má lò ó mọ́ láti April 2014. Ó túmọ̀ sí pé ọjà tí Barcelona dá padà pé kò dáa fún ojú ọmọ wọn, òun ni wọ́n ṣì ń lò lójú àwọn ọmọ Darfur ní 2022.

Àwọn tó kú ńkọ́? Mòrókò ní 23. AMDH, ìyẹn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tiwọn níbẹ̀, ní ó kéré tán 27. Amnesty ní ó kéré tán 37. Lópin 2022, àwọn tí wọn ò rí mọ́ jẹ́ 77. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba Mòrókò jókòó, wọ́n ní èémí ló há mọ́ wọn nínú, pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó yìnbọn olóta. Ó dáa, mo gbà pé kò sí ọta. Ta ló ti ilẹ̀kùn? Ta ló ju gáàsì síbi tí kò sí afẹ́fẹ́? Ṣé dandan ni kí ìhò ọta wà lára òkú kí a tó gbà pé agbófinró ló fa ikú ẹ̀?

Àwọn fídíò wà níta, ẹ lè wá a, èmi ò wò ó tán. Wọ́n tẹ́ àwọn èèyàn sílẹ̀ nínú oòrùn June, àwọn tó ti kú àti àwọn tí ò tíì kú jọ wà lórí ara wọn, ọwọ́ wọn wà ní dídè, ẹnì kan nínú aṣọ ìjọba sì ń fi kóńdó lu ẹni tí kò lè dìde. Amnesty ní àwọn tó fara pa wà bẹ́ẹ̀ láìsí ìtọ́jú fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ àwọn Red Cross wà nínú Melilla, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ẹ̀, ju gáàsì gan-an lọ, torí téèyàn bá ní gáàsì, rúkèrúdò ló fà á, inú rúkèrúdò èèyàn lè ṣìṣe, àmọ́ wákàtí mẹ́jọ kì í ṣe rúkèrúdò, àwọn èèyàn jẹun ọ̀sán láàárín ẹ̀.

Àwọn 133 ló wọ Melilla tí wọ́n sì ráyè wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì Defensor del Pueblo, ìyẹn ẹni tí ilé aṣòfin Spéìn fi ṣe alágbàwí ará ìlú, wádìí ẹ̀, ó ní àwọn 470 ni wọ́n tún mú láti ọwọ́ Spéìn fi lé Mòrókò lọ́wọ́ láìtẹ̀lé ohun tí òfin sọ, kò sí orúkọ, kò sí lọ́yà, kò sí pé kí lo sá fún. Bẹ́ẹ̀ ará Sùdáànì tó bá rí fọ́ọ̀mù kọ ní Spéìn, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n máa ń dá láre.

Ní ti customer care. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, olórí ìjọba Pedro Sánchez jáde, ó yin àwọn agbófinró méjèèjì pé wọ́n yanjú ẹ̀ dáadáa, ìgbà tí fídíò ti kárí ayé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé òun ò tíì rí i nígbà tóun sọ̀rọ̀. Mínísítà abẹ́lé wọn, Fernando Grande-Marlaska, dúró lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù pé kò sẹ́ni tó kú lórí ilẹ̀ Spéìn. Àwọn akọ̀ròyìn BBC, El País pẹ̀lú Lighthouse Reports wá lọ kó fídíò jọ, wọ́n fi í wé máàpù, ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé ibi tí Spéìn ń ṣàkóso ni àwọn kan ti kú. December ọdún yẹn, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní kò sẹ́ni tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn, wọ́n ti fáìlì. Ẹ wá gbọ́ àwọn tí wọ́n rí fẹ̀sùn kàn: àwọn tó yè! Kóòtù ní Nador rán ọ̀pọ̀ wọn lọ sẹ́wọ̀n, oṣù 11 fún àwọn kan, ọdún méjì àbọ̀ fún àwọn míì. O yọ nínú ikú, wọ́n tún fún ọ ní bíìlì.

Ẹni tó bá sọ pé òun máa gbé ẹjọ́ lọ sí Strasbourg, níbi tí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Yúróòpù wà, wọ́n ti gbé e lọ rí. Ọkùnrin méjì, ọ̀kan ará Mali, ìkejì ará Ivory Coast, gun fẹ́ǹsì Melilla ní August 2014, bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn padà lójú ẹsẹ̀. Kóòtù Yúróòpù dá wọn láre ní 2017. Spéìn pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní February 2020 Grand Chamber, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ tó ga jù ní kóòtù yẹn, yí i padà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á, kí ló dé tí ẹ ò gba ojú ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, ọ́fíìsì Beni Enzar wà, ẹ́ḿbásì wà. Ọ́fíìsì wo? Èyí tí mo ti sọ fún yín lókè yẹn. Ti ẹ́ḿbásì náà, òfin Spéìn ọdún 2009 ní aṣojú wọn lè ṣètò kí ẹni tó wà nínú ewu rí ọ̀nà wọ Spéìn láti lọ béèrè ààbò, àmọ́ ìjọba ò ṣe ìlànà bí wọ́n ṣe máa lò ó rárá, títí Supreme Court tiwọn fi bá wọn wí ní 2020 pé àìsí ìlànà kì í ṣe àwáwí.

Bráǹṣì wọn kejì, Ceuta, kò yàtọ̀. February 6, 2014, ní etíkun Tarajal, àwọn èèyàn tó lé ní igba ń gbìyànjú àtilúwẹ̀ẹ́ yí orí ògiri tó wọ inú òkun ká. Àwọn Guardia Civil yin bọ́ọ̀lù rọ́bà 145 àti agolo èéfín márùn-ún sójú omi, níbi tí àwọn ọmọ tí ò mọ̀wẹ̀ẹ́ ń jàkadì. Èèyàn 15 kú. Àwọn 23 tó gúnlẹ̀, wọ́n dá wọn padà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ ní kò sẹ́ni tó yin rọ́bà sínú omi, ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí dáadáa tí mínísítà fi jẹ́wọ́ nílé aṣòfin pé wọ́n yìn ín. Wọ́n ṣí ẹjọ́ yẹn, wọ́n tì í, wọ́n ṣí i, wọ́n tì í, ní 2019 adájọ́ kan ní kí àwọn 16 wá jẹ́jọ́, kò pẹ́ òun náà tún dá a nù, ní 2022 Supreme Court tún ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Kò sẹ́nì kan tí wọ́n dá lẹ́bi.

Ẹ lè ní ṣé ìkà ni gbogbo ará Spéìn ni, rárá o, mò ń bá wọn gbé, èèyàn dáadáa pọ̀ nínú wọn, ọdọọdún ni wọ́n máa ń rìn lọ sí Tarajal ní February. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dà yìí ti di ohun tí ìjọba méjì fi ń dúnàá dúrà. April 2021, Spéìn gba Brahim Ghali sí ọsibítù, òun ni olórí Polisario, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Western Sahara, ilẹ̀ tí Mòrókò ní òun ló ni, inú bí Mòrókò, nígbà tó di May àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn bá yẹra fẹ́nu ọ̀nà Ceuta, èèyàn bí 8,000 wọlé láàárín ọjọ́ méjì. March 2022, Spéìn yí ohùn padà, wọ́n ní ètò Mòrókò lórí Western Sahara ló dáa jù, wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ ṣàdéhùn pé àwọn máa ṣọ́ bọ́ọ̀dà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Barrio Chino ṣẹlẹ̀. Ẹ fi wé ara wọn fúnra yín. Ìgbà tó wù wọ́n ni ilẹ̀kùn ń ṣí, ìgbà tó wù wọ́n ni gáàsì ń rọ̀, ẹni tó wà láàárín ò mọ èyí tó kan òun lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní agent ń ta Melilla fún yín, ẹ bi í pé géètì wo? Barrio Chino ti wà ní títì láti 2020. Beni Enzar, ìwé ni wọ́n fi ń gba ibẹ̀, tó o bá sì ti ní ìwé kí lo ń wá lọ́dọ̀ agent. Ti fẹ́ǹsì, ẹ ti gbọ́. Wọ́n yọ wáyà abẹ yẹn kúrò lápá Spéìn láti 2020, wọ́n fi irin dídán tí ọwọ́ ò lè dì mú rọ́pò ẹ̀ lókè, Mòrókò wá gbé wáyà abẹ tiwọn sí apá tiwọn, kò sí ohun tó dínkù. Èmi fún iṣẹ́ náà ní ìràwọ̀ kan, ti ọmọkùnrin tó kí mi "buenos días" yẹn ni, òun nìkan ló ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe.

Ẹni tí èèyàn ẹ̀ bá gba apá ibẹ̀ kọjá ní àsìkò yẹn tí kò sì gbúròó ẹ̀ mọ́, AMDH ẹ̀ka Nador ń bá àwọn ẹbí wá èèyàn wọn, àwọn ló ń kó orúkọ jọ. Ẹ fi fọ́tò tó hàn dáadáa ránṣẹ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ gbẹ̀yìn, àpá tàbí ilà tó bá wà lára ẹ̀, àti orúkọ tó ń jẹ́ lọ́nà, torí púpọ̀ nínú wọn kì í lo orúkọ ilé. Faransé tàbí Lárúbáwá ni kí ẹ fi kọ ọ́, tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá wá ẹni tó máa bá yín kọ ọ́.